Kí Ojú Má Rí Ibi, Ẹsẹ̀ ni Oògùn Rẹ̀: Táyà Ọkọ̀ Ayára-bí-àṣá Lójú Títì Tó Tutù

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Omi ni à ń mu, omi ni à ń wẹ̀, omi ni a fi ń se oúnjẹ tí ẹnu ń jẹ. Ọmọ tuntun kò lè ṣe aláìfi ara kan omi, bẹ́ẹ̀ náà ni òkú àgbà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí omi kì í bá rẹ́ pẹ́ títí. Ohun náà ni rọ́bà tí ọkọ̀ fi ń tẹ ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, ìjà wọn kì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Bí eré bá pọ̀, ìjà a le, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ni yóò sì san gbèsè ìjà tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń jà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí oṣù Kẹta ń lọ sópin, tí òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa ọkọ̀ pupa kan dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ọkọ̀ náà lẹ́wà. Ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn yùnmùyùnmù bí agbo oyin. Táyà rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ fi dúró wò ó. Ohun tó gbé e wá kò ju kí wọ́n fẹ́ táyà kan tó rọ̀ lọ. Bàbá fọkanáísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ojú táyà náà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni bàbá wí, “ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ ti pá.”

“Ẹ má ṣe ìyọnu, Bàbá. Ṣé ẹ kò rí bí ó ṣe fẹ̀ tó ni? Táyà tó fẹ̀ báyìí, ibo ni yóò yọ̀ sí?”

“Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ náà fẹ̀, ọmọ mi. Orí omi ló sì fi ń rìn.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fi ìṣirò gbe ohun tí bàbá fi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sọ.

Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin

Bí ènìyàn bá rí ọkọ̀ lójú títì, yóò rò pé gbogbo ara táyà ló di ilẹ̀ mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, pẹ̀lú bàbá, ìyá àti ọmọ tó wà nínú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló so wọ́n mọ́ ayé. Nípasẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni ọkọ̀ fi ń sáré, òun ni ó fi ń yà, òun náà ni ó fi ń dúró.

Lójú títì gbígbẹ, ọ̀nà méjì pàtàkì ni rọ́bà ń gbà di ilẹ̀ mú. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé ara rọ́bà àti ara òkúta inú ọ̀dà máa ń fà mọ́ra bí wọ́n bá pàdé tímọ́tímọ́, bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó jẹ iyán ń lẹ̀ mọ́ abọ́. Ọ̀nà kejì ni pé ojú títì kò dán bí a ṣe rò. Bí a bá fi ọwọ́ ra á, a ó rí i pé ó rí págunpàgun. Rọ́bà rọ̀, nítorí náà ó ń rì sínú àwọn kòtò kéékèèké wọ̀nyí, ó ń gun orí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn wọn. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀, ó ń gbé lára agbára ìṣísẹ̀ ọkọ̀ mì, ó ń sọ ọ́ di ooru. Agbára tí ó gbé mì yẹn ni ó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ìdí nìyí tí táyà tí wọ́n fi ń díje lójú ọ̀nà gbígbẹ fi ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, láìní ìlà kankan. Bí ilà kò bá sí, rọ́bà tó kan ilẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Nígbà náà, kí ni ìlà tí a máa ń rí lára táyà ọkọ̀ tiwa wà fún? Nítorí omi ni. Ọ̀nà ni ìlà wọ̀nyí jẹ́, ọ̀nà tí a là fún omi kí ó lè rí ibi gbà jáde.

Nígbà tí omi bá dé

Bí òjò bá rọ̀, omi a dùbúlẹ̀ sáàárín rọ́bà àti òkúta. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀nà kìn-ín-ní tí a sọ, èyí tí ara méjì fi ń fà mọ́ra, yóò bàjẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí ẹni kẹta ti wọ àárín wọn. Ohun tó kù tí táyà gbójú lé ni ọ̀nà kejì: kí rọ́bà ṣì lè rì mọ́ àwọn ibi tó rí págunpàgun. Nítorí èyí, irú rọ́bà tí a fi ṣe táyà ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú òjò. Rọ́bà tó ti gan, bóyá nítorí ọjọ́ ogbó tàbí nítorí òtútù, kò lè rì mọ́ nǹkan kan. Orí òkúta ni yóò máa fò lé bí bàtà onígi lórí àpáta.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́búlẹ́bú dúdú tí a ń rí láti inú èéfín epo ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà kí ó lè lágbára. Òun ló jẹ́ kí táyà dúdú. Ní 1992, ilé-iṣẹ́ Michelin gbé táyà kan jáde tí wọ́n fi sílíkà rọ́pò púpọ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú dúdú náà. Sílíkà ni èròjà tó pọ̀ jù lọ nínú yanrìn. Ohun tí wọ́n ń wá ni táyà tí kò ní jẹ epo púpọ̀ bí ó bá ń yí, síbẹ̀ tí yóò di ilẹ̀ tútù mú dáadáa. Tẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀kan, èkejì a bọ́. Lónìí, táyà ọkọ̀ ayára-bí-àṣá tó dára kún fún sílíkà, ìdí sì nìyẹn tí irú táyà bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣì tuntun, fi ń dúró lójú títì tútù ju ọ̀pọ̀ táyà olówó pọ́ọ́kú lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí jẹ́ fún omi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí omi bá jìn, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò àti ìwé. Bí táyà kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí omi tó wà lójú títì sì jìn tó mìlímítà 3, tí ọkọ̀ náà ń sáré kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan, a jẹ́ pé ó ń rìn mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 0.2 sọ 0.003 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ óò rí ni 0.015 mítà oníhà mẹ́ta, èyí tí í ṣe lítà 15. Garawa omi kan ni táyà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tì kúrò lọ́nà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí gígùn ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ bá sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ìwọ̀nba àkókò tí rọ́bà kọ̀ọ̀kan ní láti fi kan ilẹ̀ kí ó tó gbéra kò ju ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kí ojú tó ṣẹ́, táyà ti kan ilẹ̀, ó ti gbéra lọ, ó ti padà wá, lọ́pọ̀ ìgbà.

Fún táyà ìdíje Formula 1 tí a ṣe fún òjò ńlá, ilé-iṣẹ́ Pirelli tó ń ṣe é ti sọ pé ó lè lé tó lítà 85 kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 300 láàárín wákàtí kan. Táyà kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà ń rọ omi sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í rí nǹkankan ju kùrukùru funfun lọ.

Ohun tí wọ́n rí ní 1963

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí táyà kò bá lè lé omi tán? Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa kì í ṣe awakọ̀. Àwọn tó ń ronú nípa ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà sórí ilẹ̀ tútù ni. Ní 1963, Walter Horne àti Robert Dreher, ní ibùdó ìwádìí Langley ti àjọ NASA nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí táyà ṣe ń léfòó lójú omi.

Wọ́n ṣàlàyé pé bí táyà bá ń sáré bọ̀, omi iwájú rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò lọ́nà wéré. Omi náà ń ta á padà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí omi fi ń ta á padà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Omi yóò kọ́kọ́ wọ abẹ́ iwájú táyà. Bí eré bá ń pọ̀ sí i, yóò máa wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ìgbà tí agbára omi bá dọ́gba pẹ̀lú agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà ni ọkọ̀ yóò gbéra kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú omi tí kò ní àjẹ̀ ni.

Níbi tí omi bá ti jìn ju ìlà táyà lọ, ìṣirò wọn fi hàn pé táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 30 lójú géèjì yóò léfòó bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 91 láàárín wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ náà bá jẹ́ 20, yóò léfòó ní nǹkan bí kìlómítà 75. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí ó lòdì sí ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbàgbọ́. Àwọn kan máa ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà nígbà òjò, wọ́n ní kí táyà lè tẹ́ ilẹ̀ dáadáa ni. Wọ́n rò pé oògùn ni wọ́n ń lò, májèlé ni. Táyà tó rọ̀ kò ní agbára tí yóò fi tẹ omi lulẹ̀.

Láti inú irú ìwádìí báyìí náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí, tí wọ́n sì tún gbé àṣà náà dé ojú títì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ìlà kò bá sí lára ẹsẹ̀, a lè la á sójú ọ̀nà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Táyà ọkọ̀ ayára-bí-àṣá fẹ̀ nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ dára fún ọ̀nà gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 dípò 20, lítà 15 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan di lítà 22 àbọ̀. Omi tó wà láàárín táyà náà sì ní ìrìn tó jìn láti rìn kí ó tó yọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe táyà bẹ́ẹ̀ fi máa ń la ìlà gbòòrò yí i po láàárín, bí ìgbà tí a gbẹ́ kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ìlà náà bá ti jẹ tán, kòtò ti dí, ilé yóò kún. Táyà tó fẹ̀ tó sì dán ni ó yá jù lọ láti léfòó. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin nì fi ń yangàn gan-an ni ó yẹ kó máa bẹ̀rù.

Ọmọ Scotland tí omi fẹ́ pa

Ẹnìkan wà tí omi fi ojú rẹ̀ rí nǹkan, tí ó sì kọ́ ọgbọ́n lára omi náà. Orúkọ rẹ̀ ni Jackie Stewart. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1939 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Scotland. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1966, ọjọ́ kejì tó pé ọmọ ọdún 27, ó wà lára àwọn tó ń díje ní Spa nílẹ̀ Belgium. Ọ̀nà ìdíje Spa ìgbà náà gùn, ó gba àárín oko àti abúlé kọjá. Ibi tí wọ́n ti gbéra gbẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré lọ ní ìyípo àkọ́kọ́, wọ́n kó sínú òjò ńlá láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló yọ̀ kúrò lọ́nà.

Ọkọ̀ Stewart léfòó lójú omi ní ibi tí wọ́n ń pè ní Masta, pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 250 lọ láàárín wákàtí kan. Ó fò kúrò lọ́nà, ó kọlu òpó, ó sì wọ ilé oko kan lọ. Sítíárìn há a mọ́lẹ̀. Epo ń dà sí i lára, iná kékeré kan péré ló kù kí ó di eérú. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan nítòsí tó ní irinṣẹ́. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Graham Hill àti Bob Bondurant, tí ọkọ̀ tiwọn náà ti yọ̀, ni wọ́n sáré wá. Wọ́n yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ òǹwòran kan kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Ó tó ìṣẹ́jú 25 kí ó tó jáde. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tún ṣìnà.

Láti ọjọ́ náà ni Stewart ti ń so irinṣẹ́ kan mọ́ ara ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni ó ti gbé ohùn sókè pé kí wọ́n jẹ́ kí awakọ̀ máa de ìgbànú, kí wọ́n fi odi ààbò sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí dókítà tòótọ́ wà níbi ìdíje. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ojo ni. Ẹni tí kò bá tíì rí ikú rí ni í pe ẹni tó sá fún un ní ojo.

Bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1968, wọ́n pe Stewart sí ìdíje ilẹ̀ Jámánì ní Nürburgring. Ọ̀nà ìdíje yìí wà láàárín òkè àti igbó. Ìyípo kan ṣoṣo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 23, ìyípo 14 ni wọ́n sì fẹ́ sá. Ní ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, ìkùukùu bo òkè, odò kéékèèké ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà. Stewart ti fi egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ náà mú ṣì wà lára rẹ̀.

Ipò kẹfà ni ó ti gbéra. Kí ìyípo àkọ́kọ́ tó parí, òun ló ti wà níwájú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó ti fi ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ṣáájú ẹni kejì. Ta sì ni ẹni kejì náà? Graham Hill ni, ọ̀kan nínú àwọn tó yọ ọ́ jáde ní Spa.

Kí ló fà á? Táyà wà nínú rẹ̀. Dunlop ló ṣe táyà òjò tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, táyà náà sì bá omi ọjọ́ náà mu. Ọmọ Scotland náà ni John Boyd Dunlop, ẹni tó ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà fún táyà nítorí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, ariwo náà dé ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín 1890 sí 1900, àwọn ènìyàn wọ igbó lọ láti ro oje igi ìrẹ́, wọ́n sì kó o lọ sí Èkó fún títà. Wọ́n ro ó tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ igi fi kú. Ìwọ̀ra kò jẹ́ kí òwò náà dalẹ́.

Ẹni tó ru omi kì í sáré

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Stewart nìkan ló wọ táyà Dunlop lọ́jọ́ náà. Ohun kejì tó gbé e dé ibẹ̀ ni bí ó ṣe ń lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó mọ ìdíje ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tó fi ìdíje sílẹ̀, ó máa ń gbé abọ́ kan tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ sórí iwájú ọkọ̀, a sì ní kí awakọ̀ máa lọ láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà jáde. Ọmọ Yorùbá kò nílò bọ́ọ̀lù kó tó yé e. Ẹ rántí ọmọbìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀. Kì í gbéra fìrí, kì í dúró gbì, kì í yí ọrùn láìròtẹ́lẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló wà nínú òwe yìí. Owó kan ṣoṣo ni táyà ní nínú àpò. Owó náà ni ó fi ń ra dídúró, òun ni ó fi ń ra yíyà, òun náà ni ó fi ń ra eré. Bí awakọ̀ bá ná gbogbo rẹ̀ lórí bíréèkì, kò ní ku kọ́bọ̀ tí yóò fi yà. Ní ọjọ́ òjò, àpò náà ti fúyẹ́ kí a tó kúrò nílé. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì tó sì tún yí sítíárìn, ó ti jẹ gbèsè, ojú ẹsẹ̀ sì ni títì ń gba gbèsè rẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí àwọn tó ń díje mọ̀. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, ipa ọ̀nà kan wà tí gbogbo wọn ń tọ̀, nítorí òun ló yá jù. Bí òjò bá dé, wọ́n máa ń yà kúrò níbẹ̀, nítorí rọ́bà àti epo tí gbogbo ọkọ̀ ti fi sílẹ̀ ti mú kí ibẹ̀ dán, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Lójú títì tiwa náà, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn léwu fún ìdí kan náà. Eruku àti epo oṣù mélòó kan wà nílẹ̀, omi díẹ̀ yóò sì pò wọ́n pọ̀ di ọṣẹ. Ọ̀nà tí ó gbà wá lánàá lè máà gbà wá lónìí.

Ohun kan kù nípa Stewart tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ yìí kò lè kàwé dáadáa nílé-ìwé. Wọ́n pè é ní olódo, òun náà sì gbà pé olódo ni òun. Ọmọ ọdún 15 ni ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó di ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo àgbáyé ní 1969, 1971 àti 1973 kí ó tó fi ìdíje sílẹ̀. Ní 1980 ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí pé ó ní ìṣòro kan tó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ènìyàn lójú, èyí tí kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú òye rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ka ojú ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 23 sórí, igun kan lẹ́yìn èkejì, nínú òjò àti ìkùukùu, òun ni wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀yin olùkọ́, mélòó nínú àwọn tó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ni a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa tì kúrò lójú ọ̀nà?

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, táyà tí a ń lò ń ti òkè òkun wá ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ tókunbọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ ohun tó ń wò.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ní ìlà púpọ̀ kó sì ti gbó, nítorí rọ́bà ń gan bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́. Ẹ wo inú ìlà rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun máa ń ní ìlà tó jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó dín sí 1.6. Òkè kéékèèké máa ń wà nínú ìlà náà; bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n kì í dúró dìgbà náà, nítorí kí ìlà tó dín sí 3 ni agbára rẹ̀ lójú omi ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi géèjì wo afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà bá tutù, kí ẹ sì fi sí iye tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kọ sára rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá sì léfòó, sítíárìn yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ lójijì, bí ẹni pé a já okùn rẹ̀. Kí awakọ̀ má tẹ bíréèkì. Kí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó di sítíárìn mú gbọọrọ, kí ó sì jẹ́ kí eré dín títí táyà yóò fi kan ilẹ̀ padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ńkọ́? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tí àwọn tó wà lábẹ́ igi ń kó àga wọn wọlé, ó bi bàbá léèrè iye owó. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti táyà tuntun méjì lọ.

“Bàbá, ẹ bá mi fi méjèèjì síwájú. Iwájú ni mo fi ń yà.”

Bàbá mi orí. “Ẹ̀yìn ni a ó fi wọ́n sí. Bí iwájú bá yọ̀, wàá rí i, wàá sì dẹwọ́ eré. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, kí o tó mọ̀, ibi tí o ti ń bọ̀ ni wàá máa kọjú sí.”

Ohun tí àwọn onímọ̀ táyà ń wí náà nìyẹn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá gbé jáàkì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pupa náà, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidigidi. Lójú títì, àwọn ọkọ̀ akérò ń sáré kọjá, wọ́n ń ta omi sára àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ sílé. Ìlà wà lára táyà àwọn kan. Ti àwọn mìíràn dán bí ojú dígí.